Íǹṣì Méjì Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Àga onítáyà tí wọ́n fún màmá mi ní ọsibítù fẹ̀ ní íǹṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Onígbòǹgbò fẹ̀ ní íǹṣì mẹ́rìnlélógún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ̀n ọ́n. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìbínú ni mo fi fa téèpù náà, bóyá ẹ̀rù á ba ẹnu ọ̀nà kí ó fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n íǹṣì mẹ́rìnlélógún náà ló tún jáde.

Iṣẹ́ mi sì ni kí n máa wọn nǹkan. Ní iléeṣẹ́ bísíkíìtì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Oregun, èmi ni mo máa ń yẹ ọjà wò kí ó tó jáde. Bísíkíìtì tó bá kéré, èmi ni mo ń dá a padà. Èyí tó bá jóná létí, èmi náà ni. Àwọn tó wà lábẹ́ mi níbẹ̀ máa ń sọ pé ohun tí kò pé ò lè gba iwájú Sùlíyá kọjá. Ẹ wá wò ó, ó ti tó àádọ́ta ọdún tí mo ti ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá, n kò fura sí i rí.

Màmá mi, Alhaja Modinat, ṣubú ní balùwẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Ó jinná, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n dókítà ní kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn káàkiri mọ́. Àbúrò mi, Ishaq, gbé e lọ sí ilé rẹ̀ ní Ìlúpéjú kí ó lè wà nítòsí ọsibítù. Ilé Ishaq dára. Ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ tóbi ju fèrèsé wa lọ, ìyàwó rẹ̀ sì ń tọ́jú Màmá bí ẹyin. Síbẹ̀ Màmá ń joro. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á tọ́ ọ wò, á ní òun ti yó. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é lórí fóònù, ìbéèrè kan náà ni: "Sùlíyá, ìgbà wo ni mò ń lọ sí ilé mi?"

Ó fẹ́ wọlé kí ààwẹ̀ tó dé. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òun níyàwó, òun ò gba ààwẹ̀ níbòmíràn rí. A gbìyànjú láti gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kan, èmi àti Ishaq pẹ̀lú aládùúgbò kan. Nígbà tí a gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ sọ mí kalẹ̀! Òkú ni wọ́n ń gbé wọlé báyìí. Èmi á jókòó sórí àga mi wọlé, tàbí kí n má wọlé rárá."

Bí a ṣe tún gbé e padà sí Ìlúpéjú nìyẹn. Ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ẹ ó ní, ṣebí kí a fọ́ ògiri díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ parí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ò ṣeé gbà, fẹ́ǹsì aládùúgbò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri wa níbẹ̀. Iwájú nìkan ló kù, iwájú yẹn sì ni ìjọba ní kí a má fọwọ́ kàn. Ẹ sì wá gbọ́ o: èmi fúnra mi ni mo tọwọ́ bọ ìwé náà ní ọdún méjì sẹ́yìn, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Bàbá bàbá mi ló kọ́ ilé náà ní ọdún 1936, lẹ́yìn tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá gbin obì sí Àgége tí obì sì gbè é. Ilé ilẹ̀ ni, ó ní òpó roboto mẹ́rin níwájú àti fèrèsé onígi tí irin wà lójú wọn. Àwọn ará ọ́fíìsì tó ń mójú tó ilé àtijọ́ wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀, mo sì ń dáhùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. Ohun tó wù wọ́n jù ni òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì yọ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Òdòdó ńláńlá mẹ́sàn-án ni, ewé wọn lọ́ mọ́ra láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n ṣe é. Mo ní ìgbà tí bàbá wa àgbà kọ́ ilé náà ni. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi o. Ó kàn bọ́ sí mi lẹ́nu ni, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kan pátákó búlúù kan mọ́ ògiri, mo ra ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo àdúgbò, inú wa dùn. Ìwé tí mo tọwọ́ bọ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi òòlù kan iwájú ilé náà láìgba àṣẹ. N kò ka ibẹ̀ yẹn dáadáa. Èmi tí mo máa ń ka ara páálí bísíkíìtì lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jẹ́ kí ó jáde!

Mo kọ lẹ́tà sí wọn, wọ́n sì rán ọmọkùnrin kan wá. Olúwaṣẹ́gunfúnmi lorúkọ rẹ̀, ọmọ Èkìtì, kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi lójúde, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún ṣòkòtò rẹ̀, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, òdòdó yìí ni wọ́n torí ẹ̀ mú ilé yín. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ." Ó ṣí fáìlì rẹ̀, ó kà á sókè: "Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, irú èyí tí kò sí mọ́ ní gbogbo agbègbè Ìkejà."

"Wọ́n kọ ọ̀gá síbẹ̀?" ẹnì kan bèèrè lẹ́yìn wa.

Bọ̀dá Làsísì ni, bíríkìlà ìdílé wa. Ó ti pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin, ṣùgbọ́n kò sí ògiri tó sán nílé wa tí kì í ṣe òun ni à ń pè. Èmi ni mo ní kí ó wá lọ́jọ́ náà kí ó lè ṣàlàyé fún ìjọba pé íǹṣì méjì ò lè pa ògiri lára.

"Wọ́n kọ ọ́, bàbá," ni Olúwaṣẹ́gunfúnmi wí. Bọ̀dá Làsísì ṣí fìlà rẹ̀, ó tún un dé.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká fi ti fìlà sílẹ̀. "Ọ̀gá mi, íǹṣì méjì péré ni mò ń bẹ̀ yín fún. Ẹ bá mi gé ewé kan lára òdòdó yẹn, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún ìjọba."

"Íǹṣì kan gan-an, mà, rúùlù ò gbà á."

Bí mo bá ń wá nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí mo jù lọ, "ẹ̀yin" ni mò ń pè é. Bí inú bá bí mi tán, ó di "ìwọ". "Olúwaṣẹ́gunfúnmi, ṣé o ní ìyá?"

"Mo ní, mà."

"Ṣé ẹnu ọ̀nà ló ń gbà wọlé àbí ojú fèrèsé?"

Kò bínú. Ohun tó ń bí mi nínú jù nípa ọmọ náà nìyẹn, kì í bínú. Ó wá ojú ewé mìíràn nínú fáìlì rẹ̀, ó sì fi ìka tọ́ka sí ìlà kan. Ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ni òfin fi sílẹ̀. A ò lè fi ohun tuntun kún ilé náà, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti yí ibì kan padà rí, a lè dá ibẹ̀ padà sí bó ṣe wà ní ìbẹ̀rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí o, mà. Ẹ̀rí tí mo lè fọwọ́ kàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ò tó."

"Kò sẹ́ni tó yí nǹkan kan padà níbí," mo ní. "Bí bàbá wa àgbà ṣe kọ́ ọ nìyẹn."

Bọ̀dá Làsísì wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wo òkè, ó tún wúkọ́.

Mo dúró títí ọmọ Èkìtì náà fi gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni mo dojú kọ Bọ̀dá Làsísì. "Ikọ́ wo nìyẹn?"

"Eruku ọyẹ́ ni."

"Ọyẹ́ ò pa ẹlòmíràn níkọ́ níbí."

Ó wo òdòdó ara ògiri náà, ó wò mí. "Sùlíyá, Alhaja fi Kùránì mú mi búra. Lọ bi wọ́n léèrè. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn pé Làsísì ò sọ nǹkan kan o. Mo kàn wúkọ́ ni."

Ní ọjọ́ Àìkú, mo wà ní Ìlúpéjú. Màmá jókòó sórí àga rẹ̀ létí fèrèsé, ó ń wo àwọn ọkọ̀ òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé sí iwájú àwọn ilé-ẹ̀rọ tó tì pa. Mo sọ fún un pé Làsísì wúkọ́. Ó rán ìyàwó Ishaq pé kí ó lọ bá òun ra ọsàn, nígbà tí ilẹ̀kùn sì tì, ó ní kí n jókòó.

"Ẹnu ọ̀nà yẹn, ilẹ̀kùn méjì ni. Ọ̀tún àti òsì. Bàbá yín àgbà kọ́ ọ fẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí àpò obì lè máa wọlé láìfara ha ògiri. Èmi ni mo dín in kù."

Mo rò pé oògùn tí wọ́n ń fún un ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́ kedere.

"Ọdún 1981 ni. O ṣì kéré gan-an, o wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ti gba ọlidé. Bàbá yín jókòó tì mí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ fẹ́ Hassanat. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ ra rédíò. Mo ní kò burú. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ìyàwó fún yìgì, ó ní ọjọ́ kẹrin ni wọ́n á gbé ẹrù ìyàwó dé. Gbogbo ènìyàn ló sì ń sọ̀rọ̀ nípa kọ́bọ́ọ̀dù tó wà nínú ẹrù yẹn. Káfíńtà ni bàbá Hassanat, òun fúnra rẹ̀ ló kàn án. Ìrókò ni, dígí wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì, inú rẹ̀ jìn tó íǹṣì ọgbọ̀n, ó sì fẹ̀ ní íǹṣì ogójì."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé íǹṣì ogójì ni?"

"Mo rán ènìyàn lọ wọ̀n ọ́n."

Mo wá mọ ibi tí mo ti mú iṣẹ́ mi.

Ìyókù rẹ̀ rèé bí Màmá ṣe sọ ọ́. Ó ránṣẹ́ pe Làsísì, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún nígbà náà, ó ní kí ó yọ ilẹ̀kùn kan kúrò kí ó sì mọ ògiri dí ibẹ̀. Làsísì ní bí ọkọ bá dé ńkọ́, tó bèèrè? Làsísì náà ló mú àbá wá pé kí wọ́n ṣe òdòdó sí i, kí ó lè dà bí ẹ̀ṣọ́. Ìdérí agolo bísíkíìtì kan tó wà ní kíṣìnnì ló ti wo òdòdó náà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Nígbà tí bàbá mi dé, Màmá sọ fún un pé òun tún iwájú ilé ṣe nítorí ìyàwó tuntun.

"Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ni Màmá wí. "Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi pé ó kọ́ mi dáadáa."

Ẹ̀rín pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù dé, wọ́n dà á dúbúlẹ̀, wọ́n yí i sí ọ̀tún, wọ́n yí i sí òsì, kò wọlé. Irin wà lójú fèrèsé. Àwọn ará ìyàwó bínú, wọ́n ní ilé tí ẹrù ọmọ àwọn ò bá ti wọ̀, ọmọ àwọn ò ní wọ̀ ọ́. Bàbá mi, tí kì í fẹ́ ariwo, sáré lọ gba yàrá kan fún Hassanat ní Àgége lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní fún ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Ọ̀sẹ̀ náà di ọdún mẹ́rìnlélógójì.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi. Ẹni tí Màmá ń pè ní Hassanat yìí, Ìyá Àgége ni à ń pè é nílé wa. Òun ló rán yúnífọ́ọ̀mù wa, òun ló rán aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ yìgì mi. Ọmọ rẹ̀, Quadri, ń wá kí wa ní gbogbo ọdún iléyá. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ò wọ ilé wa rí. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá wa, abẹ́ tapólì lójúde ló jókòó sí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mo rò pé bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Mo bínú sí màmá mi lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo bínú sí i gan-an, bẹ́ẹ̀ ni mo sì tún fẹ́ kí ó délé. Méjèèjì jọ wà nínú mi pọ̀.

"Ilẹ̀kùn kejì ńkọ́?" mo bi í.

"Bàbá yín dì í mọ́ ẹrù Hassanat. Ó ní kò ní tábìlì níbẹ̀."

"Ká lọ bá wọn, Màmá. Ìjọba ní àwọn fẹ́ ẹ̀rí tí àwọn lè fọwọ́ kàn."

"Kí n lọ sọ kí ni fún un? Mi ò lọ. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n kú sí Ìlúpéjú níbí."

Mo mú báàgì mi. Mo ní kò burú, mo ní ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo sì lọ. N kò dá ẹjọ́ kankan fún un, ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn fún mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo wà níbi iṣẹ́, ariwo ẹ̀rọ ń lọ, fóònù mi dún. Màmá ni. "Ẹ wá gbé mi lọ sí Àgége. Ẹ tètè wá kí ọkàn mi tó yí padà."

Ishaq ló wa ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ni Ìyá Àgége fi iwájú yàrá rẹ̀ ṣe, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì fẹ̀ dáadáa. A ti Màmá wọlé láìsí wàhálà, n kò sì fẹ́ ronú sí ìyẹn. Tábìlì tó ń gé aṣọ lé lórí wà láàárín. Mo ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mi lórí tábìlì yẹn rí. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa: igi rẹ̀ nípọn, irin dúdú méjì wà létí rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ìràwọ̀ kan sí orí rẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo tó rántí pé oṣù ni wọ́n gbẹ́ sí orí ilẹ̀kùn ilé wa. Oṣù nìkan, kò ní ìràwọ̀.

Kọ́bọ́ọ̀dù náà wà lára ògiri. Màmá rí ara rẹ̀ nínú dígí rẹ̀, lórí àga onítáyà, ó sì gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Ìyá Àgége kúnlẹ̀ kí i. Ó lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ṣì ń kúnlẹ̀ kalẹ̀ pátápátá. "Ẹ káàbọ̀, ìyálé mi. Ara ń le? Ẹ ò sọ pé ẹ̀ ń bọ̀, ǹ bá ti wá nǹkan sílẹ̀."

"Hassanat," ni Màmá wí. "Ògiri yẹn, ní ọdún náà lọ́hùn-ún. Èmi ni mo ní kí wọ́n mọ ọ́n. Nítorí kí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ má baà wọlé."

Ìyá Àgége dìde, ó ká téèpù rẹ̀, ó fi í sórí tábìlì. "Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún ọ? Làsísì?"

"Ògiri náà ló sọ fún mi. Nígbà tí wọ́n ń yí ẹrù mi sọ́tùn-ún sósì, mo fara ti òdòdó yẹn, sìmẹ́ńtì rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ó bá aṣọ ìyàwó mi jẹ́."

Ishaq ń wo bàtà rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò sọ?" ni Màmá bèèrè.

"Ta ni ǹ bá sọ fún? Mo sunkún fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó yá, mo rí i pé kọ́kọ́rọ́ yàrá mi wà lọ́wọ́ mi, mò ń ránṣọ, ẹnikẹ́ni ò bi mí pé kí ni mo sè. Ẹ̀yin lẹ wà nílé pẹ̀lú ọkọ wa tó ń hanrun."

"Ó ń hanrun o!" ni Màmá wí. "Bíi jẹnẹrétọ̀!"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, àwa náà bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgége jókòó, ó ń fi ọwọ́ ra ìràwọ̀ orí tábìlì náà.

"Ohun kan ló ń dùn mí. Wọn ò da omi sí mi lẹ́sẹ̀. Kò sí ìyàwó tí wọn kì í da omi tútù sí lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ kí ó tó wọlé. Èmi, ẹnu ọ̀nà ni mo ti yí padà. Títí ọkọ wa fi kú, ẹsẹ̀ mi ò tẹ ilẹ̀ ilé yẹn." Ó mí kanlẹ̀, ó dìde. "Àbí ilẹ̀kùn yín lẹ wá gbé? Ẹ gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ wá tábìlì mìíràn fún mi o, mo ní aṣọ ìyàwó mẹ́ta láti gé."

Ishaq ní òun á ra òmíràn fún wọn. Títí tí a fi dé Ìlúpéjú, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Màmá ń wò.

Olúwaṣẹ́gunfúnmi padà wá. A gbé tábìlì náà nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, gíga wọn dọ́gba, irin wọn jọra, oṣù ti rí ìràwọ̀ rẹ̀. Bọ̀dá Làsísì fi òòlù kékeré ṣí etí ògiri díẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ, ojú ibi tí irin ilẹ̀kùn ti wà rí sì jáde lára férémù àtijọ́. Ọmọ náà ń wọn, ó ń ya fọ́tò, inú rẹ̀ ń dùn. Àfi ìgbà tó dé orí fáìlì rẹ̀ ni ojú rẹ̀ yí padà.

"Mà, ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé ọdún 1936 ni wọ́n ṣe òdòdó yìí."

"Mo parọ́," mo ní. "N kò mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n mo pa á. Kọ ọ́ pé Sùlíyá ni kò yẹ ọjà wò kí ó tó jáde."

"Ta ló wá ṣe é gan-an?"

Bọ̀dá Làsísì ti dúró síwájú rẹ̀. Ó ní, "Kọ Làsísì Àkànbí. Ṣùgbọ́n má pa ọ̀gá tó wà níbẹ̀ rẹ́."

Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àṣẹ tó jáde. Bọ̀dá Làsísì fúnra rẹ̀ ló wó ògiri náà. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó gé òdòdó kan jáde lódindi, Olúwaṣẹ́gunfúnmi sì ní kí wọ́n fún òun fún ọ́fíìsì, nítorí ọdún mẹ́rìnlélógójì náà kì í ṣe ọjọ́ kan. Ṣé ẹ rí i, ọmọ náà ní láárí. Nígbà tí òdòdó ìkẹyìn já bọ́, Bọ̀dá Làsísì nu ojú rẹ̀, ó ní eruku ni. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbà pé eruku ni.

Ọjọ́ Sátidé tí ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan ni Màmá wọlé. Ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí sílẹ̀ gbayawu, oṣù lápá òsì, ìràwọ̀ lápá ọ̀tún. Ishaq ti àga náà, ó wọlé wẹ́rẹ́, kò ha ibì kankan. Mo ń retí kí Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tàbí kí ó sunkún. Ó ní, "Ẹ yí mi padà. Ẹ jẹ́ kí n kọjú síta."

Ìyá Àgége wá bá wa yọ̀, ṣùgbọ́n ó ti jókòó sí ojúde, ibi tó jókòó sí lọ́jọ́ tí a sin bàbá wa. Ara rẹ̀ ti mọ́ ibẹ̀.

"Sùlíyá, gbé kẹ́tùlù àlùwàlá mi wá."

Ìrun ò tíì tó, ṣùgbọ́n mo lọ bu omi sí i, mo gbé e fún un.

"Hassanat," ni Màmá pè, ohùn rẹ̀ sì le bíi ti ìgbà tí ara rẹ̀ dá. "Dìde. Bọ́ bàtà rẹ, kí o wá síbí."

Ìyá Àgége wo kẹ́tùlù náà. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà. Màmá na ara síwájú lórí àga. Mo di èjìká rẹ̀ mú kí ó má baà ṣubú. Ó da omi tútù náà sí i lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó dà á sí tòsì, omi ń ta sí gbogbo ilẹ̀.

"Wọlé, ìyàwó," ni Màmá wí. "Ilé ọkọ rẹ nìyí. Má bínú pé mo pẹ́."

Olúwaṣẹ́gunfúnmi, tó wá wo iṣẹ́ tó parí, la ẹnu. Rúùlù kan wà, mo mọ̀ ọ́n, pé omi ò gbọdọ̀ dúró lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì pupa tó ti wà láti 1936. Mo wò ó.

"Mi ò sọ nǹkan kan, mà," ni ó wí.

Ìyá Àgége wọlé. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ó hàn lórí ilẹ̀ bàbá wa àgbà láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀gbẹ́ àga Màmá. Ìyàwó Ishaq ti mú àkísà jáde kí ó nù ún. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ fúnra rẹ̀.